Ọwọ́ Papa Nígbà Ogun Súẹ́sì

Papa fúnra rẹ̀ ló kan àpótí ìrìn-àjò mi. Kápẹ́ńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ilé wa ní Olówógbowó, tó fi jẹ́ pé òórùn pákó àti pọ́líìṣì ló ń jí wa láràárọ̀. Máhógánì ló fi kàn án, ó fi bàbà sí igun rẹ̀, ó ní òjò ilẹ̀ òyìnbó kì í ṣe irú tiwa, kì í dá bọ̀rọ̀. Mo ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba. Ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ti gbà mí, àyè mi ti wà nínú ọkọ̀ òkun, inú Papa sì dùn débi pé bí oníbàárà bá wá ra àga, àpótí mi ni yóò kọ́kọ́ mú un lọ wò.

Kò pẹ́ tó kan àpótí náà tán ni ọ̀rọ̀ Súẹ́sì bẹ̀rẹ̀.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ló gbé e wọlé fún wa, àpótí kékeré tí wọ́n so mọ́ ògiri pálọ̀, tí a kì í lè dá lóhùn. Ó ní olórí ilẹ̀ Íjíbítì ti gba Súẹ́sì, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láàárín òkun méjì, pé ti ìlú òun ni. Àwọn òyìnbó Ìlú Ọba àti ti Faransé ní irọ́ ni, àwọn ló ni ín. Èmi ò mọ Íjíbítì mìíràn ju ti inú Bíbélì lọ, níbi tí wọ́n ti mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lẹ́rú. Aṣọ òtútù mi ni mò ń rán ní tèmi. Kí ló kàn mí nínú odò ẹlòmíràn?

Ó kan Papa. Ó ti gba ojú odò yẹn kọjá rí, nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti délẹ̀, bó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, á gbé àga sábẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì, á tẹ́tí sílẹ̀. Tí ìròyìn bá parí, á máa wàásù fún èmi àti Mama.

"Báyìí náà ni ogun tọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìjà lòun fẹ́. Wọ́n ń wọ bàlúù lọ bára wọn, wọ́n ń bọra wọn lọ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹnì kan á ní, tó o bá kọjá ibí, wàá rí mi. Èkejì á kọjá. Tọ̀hún á tún ní, ó dáa, tó o bá kọjá ọ̀hún. Nígbà tó yá, ojú ń ti gbogbo wọn láti padà sẹ́yìn. Ojú títì yẹn gan-an logun. Ìbọn kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Á wá fi òwe tó ti sọ di àdúrà rẹ̀ kádìí ọ̀rọ̀: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Papa, ọkọ̀ tèmi ò gba Súẹ́sì o. Takoradi ni, ó di Fírítáùn, ó di Lífápúù."

Ó wò mí bí ẹni ń wo pákó tí kòkòrò ti jẹ. "Ṣé ogun máa ń béèrè pé ọ̀nà wo lo gbà ni?"

Kò sọ pé kí n má lọ. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì ń bí mi nínú títí dòní. Ohun tó ṣe ni pé kò mẹ́nu ba àdúrà mọ́. Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í rìn jìnnà láìjẹ́ pé Papa gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìbáà ṣe Abẹ́òkúta là ń lọ, a ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ láàárọ̀, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé wa lórí, á wúre, Mama á ṣe àmín, a ó mu omi tútù díẹ̀, a ó sì máa lọ. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pàápàá kì í gbòmìnira láìkúnlẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé ọjọ́ wo ló máa gbàdúrà fún mi, ó ní, "Tí ọkàn mi bá balẹ̀." Ló bá kọjú sí asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀. Ọkàn wo ló sì fẹ́ balẹ̀ lábẹ́ nǹkan yẹn?

Ẹni tó bá ní kí ló dé tí mi ò gbé àpótí mi kí n máa lọ, kò mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mò ń jáde lọ sí Apọ́ngbọ̀n, mò ń ra òwú àti bọ́tìnnì. Mò ń gba CMS kọjá, àwọn èèyàn á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo lẹ ń wọkọ̀?" Èmi náà á ní láìpẹ́, màá rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lójú ọ̀sà, màá dúró wò ó títí á fi kọjá. Mo dà bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ tí wọ́n wá tú okùn rẹ̀, tó ṣì dúró lójú kan náà.

Mama ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ́ńkù la máa ń pè é, akọ̀wé àgbà ni ní ilé ìtajà ńlá kan ní Màrínà, ọkùnrin tó ń de táì lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbé jíìnì kan dání. Òun àti Papa kíra wọn bí ẹni tó ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ ara wọn. "Ẹ kú ilé o, àna mi." "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n wa. Àwọn ará ilé ńkọ́?" Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹja tó wọ́n, wọ́n sọ̀rọ̀ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jò. Ìgbà tí jíìnì ti dé ìlàjì ni Ọ́ńkù tó rọra ní, "Àna mi, kò séwu lóko, àfi gìrìgìrì àparò." Papa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ."

Nígbà tí Mama sin Ọ́ńkù dé ẹnu ọ̀nà, Ọ́ńkù sọ fún un pé Papa ti gbà. Nígbà tí Mama padà wọlé, Papa sọ fún un pé inú òun dùn pé Ọ́ńkù ti rí i pé kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ sọ o, ohun tó wu kálukú ló mú níbẹ̀. Lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, asọ̀rọ̀mágbèsì ní àwọn èèyàn ńlá tó ń ṣèpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù lórí odò yẹn ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn. Mo bú sẹ́rìn-ín, Papa ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní kò sí.

Ọ́ńkù padà wá nígbà tí ọjọ́ ọkọ̀ ń sún mọ́lé. Kò gbé jíìnì dání lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti gbọ́ pé Papa ò gbà, ó sì rí i bí ẹni pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sógun, tẹ́ ẹ gba mẹ́dàlì, ṣé ẹ̀yin náà lẹ̀rù ogun ń bà nínú pálọ̀ yín?" Ó fi "ẹ̀yin" sọ ọ́ o, kò fojú di àna rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló mú kó dunni jù. Papa dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé." Ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn burúkú ní í yọ ọfà lápó. Mo fojú ara mi rí ọfà lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn Papa ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù. Òun àti Mama ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ àfi láti ẹnu mi.

"Sọ fún Papa ẹ pé oúnjẹ ń tutù."

"Sọ fún Mama ẹ pé mo ti gbọ́."

Àtẹ̀gùn ni mo wá ń gùn, tí mò ń sọ̀ kalẹ̀. Mo di ikọ̀ láàárín ìlú méjì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni èmi fẹ́. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn mi. Àwọn méjèèjì ló sì ń dúró kí ẹnì kejì kọ́kọ́ sún sẹ́yìn.

Mama ló ju bọ́ǹbù tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ mi máa gbéra, mo gbọ́ tí Àlùfáà ń kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìdílé wa fẹ́ jáde wá dúpẹ́, nítorí ọmọbìnrin wọn tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba. Mama ti lọ fún wọn ní ọrẹ ìdúpẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bàbá ní í síwájú bí ìdílé bá ń jáde dúpẹ́. Mama mọ̀ pé Papa ò lè dójú ti ara rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Bí òun ṣe rò ó nìyẹn. Dùùrù bẹ̀rẹ̀ orin, Papa dìde, ó mú fìlà rẹ̀, àwọn èèyàn kó ẹsẹ̀ mọ́ra kó lè ráyè kọjá. Ọkàn mi fò sókè. Mo ti ń tẹ̀ lé e.

Ó yà sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó jáde. Mò ń gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń dún lórí òkúta títí tí orin fi bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi àti Mama la lọ síwájú, Ọ́ńkù tẹ̀ lé wa. Àlùfáà gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà tó dáa. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ yẹn, ìtìjú sì bò mí débi pé mi ò lè gbójú sókè.

Nígbà tí a délé, Papa wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí àpótí mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ohùn mi ò sì kúnlẹ̀. "Papa, ẹ sọ pé kí n má lọ. Ẹ ṣáà sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, màá mọ ohun tí mò ń bá jà."

Ó fọwọ́ pa igun bàbà àpótí náà. "Àwa méjì la kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ bá a lọ sí Bọ́mà, pé kò bọ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ wa. Ohun tó kù ni mi ò mọ̀. "Bàbá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún lé èmi, ó gbé ọwọ́ òsì lé àbúrò mi. Àdúrà kan náà ni, ẹnu kan náà ló fi gbà á. Ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀. Èmi bọ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ń gbé e lé yín lórí bẹ́ ẹ bá ń lọ Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta ò jìnnà. Ṣùgbọ́n kí n gbé e lé ọ, kó o wà lójú òkun, kógun bẹ̀rẹ̀..."

Ká ní ó nà mí ni, màá sá. Ká ní ó bú mi, màá di èébú náà mú títí màá fi wọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí ló dè mí. Ta ni mo fẹ́ jẹ́ tí màá fi bàbá mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, kó máa ka ìgbì òkun lórí ibùsùn rẹ̀?

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni asọ̀rọ̀mágbèsì sọ pé bàlúù ti ń ju bọ́ǹbù sí Íjíbítì. Àwọn aládùúgbò wá ń kan sáárá sí Papa pé ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ń kan ìṣó mọ́ pákó, ó ṣáà ń kàn án. Ọjọ́ ọkọ̀ pé. Mo lọ dúró ní Màrínà, mo wò ó bó ṣe kúrò ní Àpápá tó gba iwájú mi kọjá, àwọn obìnrin ń fi áńkáṣíìfù juwọ́ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ náà dé Lífápúù láìfarapa, bó ṣe máa ń dé tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn fi ẹlòmíràn dí àyè mi. Mi ò rí Ìlú Ọba títí dòní.

Ogun ọ̀hún ò tiẹ̀ pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ mi ò tíì lọ jìnnà, wọ́n kéde pé wọ́n ti dáwọ́ ìjà dúró. Wọ́n ní odò tí wọ́n torí rẹ̀ jà ti dí, ọkọ̀ rírì ti kún inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á kọjá mọ́.

Papa dìde, ó pa asọ̀rọ̀mágbèsì, ó ní, "Wá."

Mo kúnlẹ̀, nítorí wọ́n tọ́ mi dáadáa. Ọwọ́ méjèèjì ló gbé lé mi lórí, ọ̀tún àti òsì. Wọ́n wúwo, wọ́n ń rùn pọ́líìṣì. Gbogbo àdúrà tí mo ti ń dúró dè látìgbà òjò ló gbà: ti ojú òkun, ti ilẹ̀ àjòjì, ti ìlera. "O ó lọ, o ó bọ̀." Mama ṣe àmín láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ohùn àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ bọ́ sí etí Papa láti ọjọ́ tí Papa ti ṣílẹ̀kùn fún Ọ́ńkù.

Papa ń dúró de àmín tèmi. Ibo ni mò ń lọ? Ọwọ́ náà ò kúrò lórí mi, mo sì mọ̀ pé Papa ò lè dá a gbé kúrò.

Mo ṣe àmín fún un.