Nígbà Tí Ìyá Àgbà Fi Èjìká Ṣe Ààlà

Òórùn kánfọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, nínú yàrá kékeré tí àwọn ọmọbìnrin ti ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré wa ní àríwá Manchester, ọmọ mi Tolú jókòó síwájú mi kí n bá a fi ìpara ra ọrùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá ló ń gbá, irú èyí tí àwọn ará ibí fẹ́ràn débi pé wọ́n á dúró nínú òjò wò ó láìṣí agbòòrùn. Mo ṣí ìdérí ike ìpara náà, òórùn rẹ̀ ta mí nímú, ni mo bá rí àgbàlá wa ní Abẹ́òkúta.

"Mummy, ọwọ́ yín fẹ́lẹ́ jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Ọrùn ni, kì í ṣe ẹ̀bà. Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá. It's just tight."

Mo tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì sí i. Pápákọ̀ òfurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀rọ tó ń yẹ inú báàgì wò ni mo ń jókòó sí. Ohun tí ojú ẹlòmíràn bá fò kọjá ni wọ́n ní kí èmi rí, n kò sì mọ bí mo ṣe lè bọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ nígbà tí mo bá délé.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé àgbàlá yẹn fún yín. Ilé mẹ́rin ló kọjú síra wọn, iyanrìn funfun sì wà láàárín wọn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè gbogbo wa bá ti ń sán, àwa ọmọdé a máa ja ìjàkadì lórí iyanrìn náà lẹ́yìn ilé ìwé, tọkùnrin tobìnrin, títí ọmọbìnrin yóò fi tó ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọn yóò ní ó ti dàgbà jù. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ló ṣubú. Ẹni tó bá dá a ni yóò fà á dìde, tí yóò sì gbọn iyanrìn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bí o bá gbàgbé, o kò borí.

Àwọn àgbà a máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì wòran. Olórí wọn ni Bàbá Télọ̀, tí kò jà rí láyé rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n tó mọ ibi tí ó yẹ kí gbogbo èèyàn fi ẹsẹ̀ sí.

Ọ̀rẹ́ mi ni Rẹ̀mí, ọmọbìnrin ilé kejì. Ó kéré, apá rẹ̀ gùn, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. A jọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó máa ń dá àwọn ọmọkùnrin tó jù ú lọ, á sì gbọn iyanrìn lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ tó ń bí wọn nínú ju ìṣubú náà lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nídìí ẹ̀rọ omi, Rẹ̀mí sọ korobá rẹ̀ kalẹ̀ ó ní, "Ọrùn mi ń ro mí. Má sọ fún ẹnì kankan o, wọn ò ní jẹ́ kí n jà lónìí." Mo ṣèlérí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n pè é kó wá bá Gàníyù jà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ga bí ilẹ̀kùn. Mo lọ síwájú bẹ́ǹṣì láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá wa, ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. O ní láti kúnlẹ̀ kí o dúró títí wọn yóò fi bi ọ́ pé kí ló dé. Nítorí náà mo kúnlẹ̀, mo sì dúró. Kò sí ẹni tó wò mí. Gàníyù ti fi apá kọ́ Rẹ̀mí lọ́rùn, ohun tí òfin ìgbà náà gbà láàyè, Bàbá Télọ̀ sì ń pariwo pé, "Fún un. Fún un dáadáa."

Nígbà tí Gàníyù dá a tán, Rẹ̀mí dìde, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, bí o bá pè é, gbogbo ara rẹ̀ ló ń yí pa dà. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, fi àdín àti kánfọ̀ ra ọrùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ìlú tiwọn, lọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun, wọn kò sì pa dà wá gbé àgbàlá wa mọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, ṣùgbọ́n ọrùn náà kò yí bó ṣe yẹ. N kò rí i mọ́ títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n lọ, Ìyá Àgbà jáde sórí iyanrìn, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Gàníyù, ó ní, "Láti òní lọ, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ibí."

"Ìyá, ẹ kúkú ní kí wọ́n máa jó," Bàbá Télọ̀ dáhùn. "Ìjàkadì ti kú nìyẹn." Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì wọlé lọ, kò jáde wòran fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ kò lè lọ sókè mọ́, ẹsẹ̀ gbọ́n. Kí ọyẹ́ tó tún dé, bẹ́ǹṣì ti kún, Bàbá Télọ̀ sì ń sọ fún àwọn àlejò pé ẹsẹ̀ ni òun ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, wọ́n pe ìpàdé sínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn eré. Àwọn tó ń darí rọ́gbì àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ń béèrè èrò àwọn olólùfẹ́ eré. Lónìí, o lè di ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú dé èjìká. Wọ́n fẹ́ kí ààlà náà wálẹ̀ sí abíyá. Bí àwọn àgbà bá sì gbà á, àwọn ọmọ yóò tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù tí yóò jẹ́ kí Tolú gbá bọ́ọ̀lù ní sáà tó ń bọ̀ wà nínú báàgì mi, n kò tíì fọwọ́ sí i. Ó ti bi mí nígbà mẹ́ta, mo ti ní kó jẹ́ kí n gbàdúrà sí i nígbà mẹ́ta.

Bàbá Ken, tó ti ń lọ wòran láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé e kọ́ ọrùn, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní wọ́n ti ba eré náà jẹ́, pé kí wọ́n kúkú fún àwọn ọkùnrin náà ní bàtà ijó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń se tíì ní ẹni gíga tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè fi orí gbá orúnkún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Tolú sọ sí mi létí pé, "Mummy, Ken's right though. It won't be the same."

Mo dìde. N kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi mí pé kí ló dé. Mo sọ nípa Rẹ̀mí fún wọn, àti nípa ẹsẹ̀ tó gbọ́n. Mo ní ọ̀rọ̀ orí àti orúnkún yẹn tọ́, nítorí náà kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ di ẹlòmíràn mú kí òfin tó dé.

"I'm sorry about your friend, love," Bàbá Ken sọ. "I still say no."

"Ẹ ṣé, sà," ni mo dáhùn, Yorùbá ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. "I still say yes."

Nígbà tí ọkọ̀ wa dúró níbi iná pupa, Tolú yíjú sí mi. "Ẹ ò sọ nípa Rẹ̀mí fún mi rí."

"Kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún rí." Mo ní màá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, lórí ohun kan: bí ibì kan lára rẹ̀ bá ń ro ó, èmi ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó wọ bàtà.

"Even on match day?"

"Pàápàá lọ́jọ́ eré."

Ó ronú sí i pẹ́, bí ẹni pé mo fẹ́ gba nǹkan ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó ní ó dáa. Mo fọwọ́ sí i lórí tábìlì ìdáná wa kí n tó bọ́ kóòtù.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí pa dà. Wọ́n ti kọ́ ilé oníṣọ́ọ̀bù sórí iyanrìn wa, àwọn ọmọ ibí sì ń sọ èrò wọn fún àgbà lórí ìdúró. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń pè é ní àìlẹ́kọ̀ọ́. N kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ń fi ìrora pamọ́ kí wọ́n má baà yọ ọ́ kúrò nínú eré, àgbà sì ń wí pé eré ti kú nígbàkigbà tí ẹnì kan bá fẹ́ dá ẹ̀mí sí. Àwọn aláṣẹ kò tíì fún wa lésì. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, màá tún dìde sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí Bàbá Ken sì múra sílẹ̀.