Ọ̀já Gàárì Dúdúyẹmí

Òórùn awọ tí wọ́n fi òrí pa, tí oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, ni òórùn ọdún Iléyá fún mi. Ẹlòmíràn á rántí ẹran díndín. Ní tèmi, bí òórùn òrí lára awọ bá ti kàn mí nímú, àgbàlá wa ní Àjàṣẹ́ ni mo máa ń rí: ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti gbá, igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, àti Dúdúyẹmí, ẹṣin ìdílé wa, tí ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ládùúgbò yẹn, ẹ ó rántí bí ẹṣin náà ṣe lẹ́wà tó. Aṣọ tó bò ó láti àyà dé ìdí lẹ rántí.

Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ni wọ́n jọ ra ẹṣin yẹn. Bàbá Kékeré ló ń gùn ún lọ sí yídì, nítorí òun ló lówó, òun ló sì lóhùn. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin ilé ti sá fún iṣẹ́ náà, ni wọ́n bá tì í sí mi lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ wa nílé-ìwé á fi èdè Faransé ní kí n lọ jókòó tì fèrèsé, torí mò ń rùn bí ẹṣin. Kò purọ́.

Gàárì wa ní òrùka irin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín. Inú òrùka ni wọ́n ń ki ọ̀já bọ̀, ìyẹn awọ gígùn tó gba abẹ́ ikùn ẹṣin kọjá láti fi de gàárì mọ́ ọn. Bí a bá so ọ̀já mọ́ òrùka àárín, gàárì á fà sẹ́yìn díẹ̀, á jókòó síbi tó yẹ, ọ̀já á sì bọ́ sórí egungun ìhà. Bí a bá so ó mọ́ tiwájú, gàárì á gun ẹṣin léjìká, ọ̀já á wọ abíyá ẹsẹ̀ iwájú, gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ ni yóò máa gé e. Tiwájú ni wọ́n ń so ó mọ́ lọ́dọọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé aṣọ àrán kan wà tí wọ́n ń tẹ́ sí ìdí ẹṣin, tí wọ́n fi òwú wúrà kọ orúkọ ìdílé wa sí. Bí gàárì bá fà sẹ́yìn, ó ń bo lẹ́tà àkọ́kọ́.

Lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tó ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Nígbà tí mo fi egbò abíyá Dúdúyẹmí hàn án, tí irun ti já kúrò níbẹ̀, tí ẹran ń yọjú, ó ní, "Èyí ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Lọ bá a sọ fún bàbá rẹ. Kúnlẹ̀ kí o tó sọ ọ́ o." Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi ní, "Mo ti gbọ́." Nígbà tí mo padà lọ, ó tún ní, "Mo ti gbọ́." Gbígbọ́ yẹn náà ló parí sí.

Nígbà tí Iléyá dé, mo jí ṣáájú wọn, mo tú ọ̀já náà, mo sì so ó mọ́ òrùka àárín. Dúdúyẹmí mí kanlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ wálẹ̀, ó ń jẹ koríko pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Bàbá Kékeré jáde nínú agbádá funfun. "Ta ló so gàárì báyìí?"

"Èmi ni, bàbá. Egbò wà lábíyá ẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ gùn ún lọ ni?" Àwọn ọkùnrin tó wá bá a lọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ wé láwàní fún un, kó lọ ṣe lémọ́mù fún wa." Bàbá Kékeré kọjú sí bàbá mi: "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ bàbá wa ni ọmọ yín fi gàárì bò mọ́lẹ̀ yìí." Ó gbá mi létí, ó tú ọ̀já náà fúnra rẹ̀, ó sì fà á pọ̀ mọ́ òrùka iwájú. Bàbá mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún àgbàlá wa lọ́jọ́ náà, gàárì sì wọ́.

Wọn ò tíì dé yídì tí Dúdúyẹmí fi dúró. Wọ́n nà án. Ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ iwájú méjèèjì, Bàbá Kékeré sì gba ọrùn rẹ̀ yọ̀ bọ́ sínú gọ́tà, agbádá funfun àti gbogbo ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọbìnrin tó lọ fọwọ́ kan gàárì ló bà á jẹ́. Bàbá mi fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó so ó kẹ́yìn. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sọ ọ́ títí ó fi kú.

Ọdún Iléyá kò tíì tán nílẹ̀ tí àwọn tó ra ẹṣin náà fi ti ìlú Adjarra wá pẹ̀lú okùn. Bí wọ́n ṣe ń fà á jáde láìsí gàárì, láìsí aṣọ, eṣinṣin bo abíyá rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gùn ún tàbí wọ́n jẹ ẹ́. Ìyá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Má sunkún níwájú wọn," ó ní.

Mo lọ sí lísè, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo kàwé òfin ní Kùtọnú, mo sì kọ́ bí a ṣe ń to ẹ̀sùn kí ẹnikẹ́ni má lè já a. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí Bàbá Kékeré, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Mo ti tò ó sínú pé màá ṣàlàyé òrùka méjèèjì fún un, níkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí àgbà sí àgbà. Kò jẹ́ kí n jìnnà.

"Egbò abíyá yẹn? A rí i. Ọdọọdún la máa ń rí i. Aṣọ ń bò ó." Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọmọbìnrin tó ń kúnlẹ̀ ṣàlàyé yẹn rò pé wọn ò mọ̀ ni. Èmi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, n kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn èèyàn ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn sàn jù mí lọ. Òun ṣì gbà pé bí àgbà bá ti rí egbò, wọ́n á tú ọ̀já.