Bí Ẹ́ńjìnì Ṣe Dákẹ́ ní Lawanson

Inú egungun ni àìsàn ìyàwó mi wà. Ohun tó ń pa á lára jù ni kí nǹkan mì ín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ mi, bó bá ń sáré lójú títì, kò sí wàhálà. Ká ṣá ti dúró báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó dé ilé ìwòsàn kò jìnnà, ibi tí a ti ń dúró lójú ọ̀nà ló pọ̀. Bí a bá ti dúró, á fọwọ́ méjèèjì di ìjókòó mú, á dijú. Kì í ké. Ì bá tiẹ̀ ké.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Èkejì ní ọkọ̀ tó ti dàgbà bíi tèmi kò lè ṣe kó má gbọ̀n. Ìgbà náà ni wọ́n júwe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan fún mi ní Mushin. Ó kọ́kọ́ bi mí pé ta ni mò ń fi ọkọ̀ náà gbé. Mo sọ fún un. Ó tan ẹ́ńjìnì, ó wá ń yọ wáyà iná orí púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnì fẹ́ẹ̀ kú. Ó dá a padà. Èkejì, bákan náà.

"Bàbá, ẹ tẹ́tí," ló wí. "Èyí tí mo bá yọ tí ohùn ò yí padà, òun ni ò ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù ló ń gbé e."

Ó yọ ẹ̀kẹta. Ohùn ò yí padà.

Kọ́ìlì tó ń fún un níná ló ti jó. Ó fi òmíràn sí i, ó gbé ife omi lé orí ẹ́ńjìnì. Omi náà ò mì. Ó ní kí n bá òun kí Màmá, kí n ní kí wọ́n máa sùn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a dúró ní Lawanson. Ìyàwó mi ti di ìjókòó mú, ó dijú, ó ń retí kí ọkọ̀ gbọ̀n. Nígbà tí kò gbọ̀n, ó lajú.

"Ṣé ẹ ti pa á ni?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló tú ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ èémí rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ariwo ọkọ̀ ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Á wọlé, á dúró, á dúró pẹ́, kó tó tún wọlé bí ohun tí wọ́n ń fipá fà. Mi ò mọ ìgbà tí mo fẹsẹ̀ tẹná mọ́ ọkọ̀ lórí ìdúró, kó lè pariwo.

"Bàbá wọn," ó ní, "ẹ jẹ́ ó dákẹ́."

Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò. Mo ń gbọ́ èémí náà títí tí a fi dé ilé ìwòsàn.