Jínjà, Ológbò Tó Ń Pa Mí Lẹ́kún

Ológbò ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ náà. Jínjà lorúkọ rẹ̀. Ó sanra, ó pupa rúsúrúsú, orí káńtà ló sì máa ń sùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a ń kó owó sí, bí ẹni pé òun ló ni gbogbo Woolwich. Mo na ọwọ́, mo fi pa á lórí, kí Màdáámù Dọ́rìsì tó jẹ́ ọ̀gá mi lè rí i pé mo fẹ́ràn ẹranko. Irọ́ ni mò ń pa. Nílé wa l'Óṣogbo, torí eku la ṣe ń sin ológbò, a kì í pa á lórí. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, mo ti sín. Mo tún sín. Nígbà tí mo fi máa wọ ẹ̀wù iṣẹ́ tán, ojú mi ti ń ṣomi, imú mi sì ti dí.

Ilé ìtajà ohun ọ̀sìn ni, ẹ̀yìn ọjà Woolwich ló wà, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal. A ń ta oúnjẹ ajá inú agolo, a ń ta ọkà ẹyẹ, a sì ń ta yanrìn tí ológbò máa ń ṣu sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi ni mo ń gbé àpò yanrìn náà lọ sínú mọ́tò fún àwọn tó ń rà á. A ń ta eku pẹ̀lú. Òyìnbó á ra eku, á ra ilé fún un, á tún ra kẹ̀kẹ́ tí eku náà á máa sáré lórí rẹ̀ nínú ilé ọ̀hún. Mo kọ èyí sí ìyá mi, ó ní kí n yé fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́ba. Kí n tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ agbálẹ̀ ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan létí odò ní Belvedere. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń dé ibẹ̀, mo sì ti máa ń lọ kí àwọn tó ni àga àti tábìlì tó wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ ojú mi. Ṣọ́ọ̀bù Màdáámù Dọ́rìsì nibi àkọ́kọ́ tí èèyàn ti pe orúkọ mi ní London láìwo káàdì tí mo fi kọ́ ọrùn. Mo wá sọ fún ara mi pé imú lásán ò ní lé mi padà sí Belvedere.

Dókítà mi ní Thamesmead ò tiẹ̀ fepo bọyọ̀ rárá. Ó ní ara mi kò gba irun ológbò, kí n jìnnà sí i. Èmi náà ò gba ọ̀rọ̀ dókítà. Nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, tí a ń ṣe nínú gbọ̀ngàn kan tí a háyà, a kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn. Ẹni tí ibà ń gbọ̀n jìnnìjìnnì á ní ara òun le koko. Bí o bá pe àìsàn lórúkọ, o ti buwọ́ lù ú nìyẹn.

Mummy Àdúrà, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Ṣadé, wọ́n ní ológbò wà ní shop yín?"

"Ó wà, Mummy."

"Ó máa ń wò ẹ́ lójú?"

"Gbogbo ìgbà ni, mà."

"Ehn. That is not ordinary cat. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Care home tí mo wà ń wá èèyàn."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo like iṣẹ́ náà, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì sun tùràrí yí mi ká. Èéfín náà mú mi sín ju ti ológbò lọ. Wọ́n ní ẹ̀mí náà ló ń jáde yẹn. Wọ́n fún mi ní omi àdúrà, mo sì wọ́n ọn sórí káńtà níbi tí Jínjà ń sùn sí. Jínjà kórìíra omi. Ó kó kúrò níbẹ̀ lóòótọ́, ó kó lọ sórí àga mi.

Bí Màdáámù Dọ́rìsì bá rí ojú mi tó pọ́n, á bi mí bóyá nǹkan kan ń ṣe mí. Èsì mi ò yí padà rí: "Ara mi le, mà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Á wò mí pẹ̀lú àánú, á sì gbé tíì fún mi. Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé ìbànújẹ́ ńlá kan ni mò ń gbé mì.

Nígbà náà ni Místà Lẹ́ẹ̀nì wọlé. Bàbá àgbàlagbà ni, orí ọkọ̀ ojú omi Woolwich ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ìgbà ló sì máa ń ra oúnjẹ fún Pírínsì, ajá rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò ra nǹkan kan. Ó ní, "Pírínsì kú lánàá." Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ ni Jínjà ti fi ara nù mí lẹ́sẹ̀. Omi dà lójú mi pòròpòrò. Bàbá yìí wò mí, ó bọ́ fìlà, òun náà bú sẹ́kún. Mo gbé àpótí fún un kó jókòó.

Ó ní, "Ọmọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ìwọ nìkan lo bá mi sunkún."

Ìròyìn tàn ká. Ẹni tí ajá rẹ̀ kú, ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ fò lọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Obìnrin kan gbé òkú ahun wá, mo sunkún lé e lórí bó ṣe yẹ. Nígbà tí òtútù lọ, ó padà wá sọ fún mi pé oorun tí ahun máa ń sùn nígbà òtútù ló ń sùn, àti pé ẹkún mi ló jí i. Kò sì sẹ́ni tó máa sunkún tán tí kò ní ra nǹkan. Místà Lẹ́ẹ̀nì ní tirẹ̀ ń wá ní ọjọọjọ́ Ẹtì, á jókòó sórí àpótí, á máa sọ bí òun àti Pírínsì ṣe máa ń wọ ọkọ̀ sọdá lọ sọdá bọ̀. Èmi á máa nu ojú.

Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, Màdáámù Dọ́rìsì gbé apẹ̀rẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́, Místà Lẹ́ẹ̀nì dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ológbò ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ẹranko tó báyìí ò gbọ́dọ̀ dá gbélé. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe? Àgbà méjì ló ń fún mi lẹ́bùn. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í dá ẹ̀bùn àgbà padà. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba àìsàn mi, mo sì ní kí Ọlọ́run bù kún wọn.

Nínú bọ́ọ̀sì Thamesmead, mo sín títí àwọn èrò fi ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pẹ́ tí ọ̀fun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún, tí àyà mi ń súfèé. Mo sọ̀kalẹ̀, mo dúró létí títì, mo ń wá èémí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fẹ́ gbàdúrà, kò sí èémí tí mo lè fi gbà á. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà jìnnà sí imú mi títí èémí fi padà díẹ̀, mo sọdá títì, mo sì wọ bọ́ọ̀sì padà sí Woolwich.

Àwọn méjèèjì ṣì ń mu tíì nígbà tí mo wọlé. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

"Mò ń ṣàìsàn, mà. Ológbò ló ń ṣe mí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni."

Màdáámù Dọ́rìsì gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Gbogbo ẹkún yẹn ńkọ́?"

"Jínjà ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Mo mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ mi ò bọ́. Ṣùgbọ́n Místà Lẹ́ẹ̀nì ò rẹ́rìn-ín.

"Ti Pírínsì náà ńkọ́?"

Mi ò lè parọ́ fún un, mo ní Jínjà náà ni. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Wọ́n gbé Jínjà lọ sókè níbi tí Màdáámù ń gbé, wọ́n fi ọmọ ológbò náà fún aládùúgbò kan, a sì fọ ibi gbogbo. Imú mi là. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo gbọ́ bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe ń rùn, mo sì kábàámọ̀ díẹ̀. Mummy Àdúrà ní tùràrí ló ṣiṣẹ́, mi ò bá wọn jiyàn. Ọjọ́ Ẹtì dé, Místà Lẹ́ẹ̀nì ò wá. Òmíràn dé, kò wá. Àpótí rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì wù mí kí ẹlòmíràn jókòó lé e. Àárò bàbá náà ń sọ mí.

Ìgbà ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé kó tó yọjú. Ó gbé okùn ọrùn Pírínsì sórí káńtà, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti nu irin rẹ̀ dán.

"Fún ẹni tó bá nílò rẹ̀," ló wí. "Pírínsì fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e sẹ́nu wá bá mi, tí àkókò ọkọ̀ bá ti tó."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ojú mi ti kún, omi ti ń dà sórí káńtà. Mo wo abẹ́ káńtà. Mo wo orí àga mi. Místà Lẹ́ẹ̀nì náà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ àwọn pẹpẹ, ó wo ẹ̀yìn àpò yanrìn, ó wá ológbò náà títí, kò rí i. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì fa àpótí rẹ̀ jókòó.