Ikùn Kan, Ọ̀gá Mẹ́ta

Ìdérí ìgò là ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ tí mo wà ní Oregun. Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọn kò kọ sára ògiri: obìnrin tó bá wà nídìí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ lóyún. Lóṣooṣù, nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ á fún wa ní kọ́ọ̀bù kékeré pé ká lọ tọ̀ sí i. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo bá dé àsàlátù, alùfáà á ní ká máa bí sí i kí ìjọ lè pọ̀. Ìjọba ní tiẹ̀ ní ẹni tó bá ti lóyún kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ. Ikùn kan ṣoṣo, ọ̀gá mẹ́ta. Èmi tí mò ń gbé e kiri kò sí lára wọn.

Ìbejì ni mo kọ́kọ́ bí. Gìrì mú mi lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì kìlọ̀ fún mi pé ọkàn mi kò ní lè gbé oyún mìíràn. Mo ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí déédéé. Abẹ́rẹ́ náà já mi kulẹ̀. Kọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ kò mú mi ṣá, torí ìyá kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́, ló ń bá ìdajì wa tọ̀. Nínú ìwé ilé-iṣẹ́, kò sí obìnrin tó mọ́ tónítóní tó wa ní gbogbo Ìkẹjà.

Mo lọ sí ọsibítù ìjọba kan. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mà, bí ẹ bá gbé oyún yìí dé oṣù keje, ẹ̀yin àti òun lẹ máa lọ. Òfin gbà wá láyè láti yọ ọ́, torí ẹ̀mí yín ni. Ṣùgbọ́n ìwé máa pọ̀."

Ìwé dókítà kejì. Ìwé ìbúra láti kóòtù. Ìwé àṣẹ ọkọ, kí ọkọ fúnra rẹ̀ buwọ́ lù ú níwájú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ ọsibítù á jókòó lé e lórí ní Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ kángun sí tèmi gba ẹ̀yìn kẹ́míìsì kan lọ ní Abúlé Ẹ̀gbá lọ́dún tó ṣáájú. Kò padà wá síbi iṣẹ́ mọ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ gba ojú títì.

Onílé wa ní Agége, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Èkìtì. Gbogbo àdúgbò mọ ìjà òun àtìjọba. Ó gbẹ́ omi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó ra jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì rọ yangí sójú títì wa. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kan wá gba owó lórí omi tó gbẹ́, ó fi rọ́bà bomi síwájú wọn, ó ní kí wọ́n fi ìka han òun, ibi tí ìjọba dá sí nínú ẹ̀. Ọkọ mi máa ń wa tírélà lọ sí òkè ọya, ìyẹn ni kò jẹ́ kó sí nílé. Bàbá Tíṣà ni mo lọ bá.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Lójú tèmi, ẹ̀mí ni nǹkan tó wà nínú ẹ yẹn. Ká ní èmi ni, àdúrà ni n bá máa gbà."

Mo ní, "Bàbá, mo ti gbà á."

"Mo lè bẹ̀ ẹ́, mi ò lè pàṣẹ fún ẹ. Èmi tí mo mọ̀ ẹ́, tí mo mọ àwọn ọmọ ẹ, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ta wá ni ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí, tó jókòó sídìí tábìlì?" Ó wọ bàtà rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ."

Ní kóòtù, akọ̀wé bèèrè pé kí ni mo fẹ́ búra lé lórí.

"Pé mi ò fẹ́ kú."

"Mà, a ò ní fọ́ọ̀mù ìyẹn. Ọjọ́ orí la ní, orúkọ tí wọ́n yí padà, àti nǹkan tó sọnù."

Nǹkan tó sọnù la padà lò. Mo búra níwájú ìjọba pé ìlera mi sọnù, pé mo ti wá a títí, mi ò rí i, àti pé bí mo bá rí i, màá dá a padà fún àwọn aláṣẹ. Bàbá Tíṣà fa bírò pupa yọ láti tún gbólóhùn kan ṣe. Akọ̀wé já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìwé ọkọ. Tírélà ọkọ mi ti bàjẹ́ sí Kánò. Mo pè é sórí fóònù níwájú obìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọsibítù, ó pariwo pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gba ìyàwó òun là. Obìnrin náà ní, "Ohùn la gbọ́ yìí, ìwé la ní kẹ́ ẹ mú wá."

Bàbá Tíṣà ní, "Nígbà tí wọ́n ń fún un lóyún, ṣé ìgbìmọ̀ yín jókòó lé e?"

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ lóyún ni?"

"Rárá. Ẹ̀yin náà kọ́."

Ọkọ mi fi tírélà sílẹ̀, ó wọ mọ́tò wálé, ó sì buwọ́ lùwé. Ní Ọjọ́bọ̀ tí à ń retí, ìgbìmọ̀ kò jókòó. Alága wọn ti lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí àwọn aláboyún kò ṣe ní máa kú. Wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Gìrì ti mú mi. Wọ́n ní ìyá tó ń gbálẹ̀ ló gbá orí mi mú kó má baà gbá irin. Dókítà ọjọ́sí ló gbà mí wọlé. Kò bèèrè ìbúra, kò bèèrè ọkọ, kò bèèrè ìgbìmọ̀. Ó yọ oyún náà, torí òfin kan náà ní bí mo bá ti ń kú lójú ẹ̀, ìwé kò pọn dandan mọ́. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ibi tí mo wà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí n wá yọ oyún, bí èmi àti ọkọ mi bá lè yọjú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Bàbá Tíṣà wá kí mi lọ́jọ́ tí mo kúrò ní ọsibítù. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Ó ní, "Mo gbàdúrà fún ìwọ. Mo gbàdúrà fún èyí tó lọ náà. Má bínú sí mi."

Mi ò bínú. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi mí, láti ilé-iṣẹ́ dé kóòtù dé ọsibítù, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ọmọ náà wù mí. Mo sọ fún Bàbá Tíṣà pé ó wù mí. Ó jókòó tì mí títí ọkọ mi fi kó àwọn ìbejì dé láti iléèwé.