Ọmọ Mi Tó Ń Tọ̀ Gba Ọ̀nà Méjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ bí, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lórí ilà ọmọ mi ní Ìgàndó níbí. Tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rín in jàre, èmi náà ti ń rín in báyìí.

Ìkókó ni Àyọ̀mídé nígbà yẹn. Ìyá ọkọ mi wá láti Oǹdó, wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ. Wọ́n ní kò sí nọ́ọ̀sì tó máa kọlà fún ọmọ àwọn, pé ọmọ olóólà kan wà ní Ìpájà, bàbá rẹ̀ ló kọlà fún ọkọ mi. Mo bi wọ́n pé iṣẹ́ wo gan-an ni ọmọ olóólà yìí ń ṣe. Wọ́n ní ó ń to táìlì. Táìlì kẹ̀! Mo wo ọkọ mi, òun ń wo fáànù.

Màmá ní ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Ọkùnrin náà wá, ó kọlà, ó jẹ ìrẹsì, ó lọ.

Nígbà tí ojú egbò jiná, mo ń pààrọ̀ pámpáàsì lọ́jọ́ kan, ni ọmọ bá tọ̀. Apá kan lọ sára ògiri, apá kejì sáyà mi. Mo pe ọkọ mi, ó ní bóyá ìtọ̀ ló pọ̀ jù. Màmá ní àmì ni, pé ọ̀nà méjì ni ọlà á máa gbà wọlé fún un. Wọ́n tún pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, aláṣọ funfun, pé kí wọ́n wá wò ó! Èmi ń sunkún ní kíṣíìnì. Ṣé báyìí lọmọ mi á ṣe máa tọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ ní sùkúù?

Èmi, ọkọ mi àti Màmá gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ọ̀bẹ ti lu ọ̀nà ìtọ̀ lábẹ́, pé àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ láti dí ihò náà tó bá dàgbà díẹ̀ sí i, àmọ́ nígbà míì kì í mú, wọ́n á tún un ṣe. Ó bi wá pé ta ló kọlà. Màmá fi ìgboyà sọ pé ọmọ olóólà ni. Dókítà ní awakọ̀ tírélà ni bàbá òun, ṣé Màmá á jẹ́ kí òun fi tírélà gbé wọn dé Oǹdó? Màmá ní àwọn ò rí ohun tó kan tírélà níbẹ̀.

Ọmọ ti ń rá kí wọ́n tó ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n ní kí ìtọ̀ rẹ̀ máa gbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ká dúró kó tọ̀, ká fojú rí i bóyá ó mú. Ọmọ tó ń tọ̀ sí gbogbo ayé lára, ó kọ̀! Mo fún un lómi títí. Ọkọ mi ń ṣe ṣùùù sí i létí, títí bàbá tó wà nítòsí fi béèrè ilé ìtọ̀.

Màmá wọ awò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ni ọmọ bá tú u, ọ̀nà kan ṣoṣo, tààrà sí wọn lójú. Wọn ò nù ún. Wọ́n ń ké pé ọ̀kan ni, ọ̀kan ni, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Mo dì mọ́ wọn, gbogbo wa rin gbindin.

Ẹ̀yin òbí, èèyàn lè jogún ilé, ó lè jogún orúkọ. Iṣẹ́ ọwọ́, ńṣe là ń kọ́ ọ. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ.

Ó yá, ta ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ tiyín fún, báwo lẹ sì ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Màmá ní kí n máa ka gbogbo ẹ̀ fáwọn, torí àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn nìkan làwọn ṣe irú ẹ̀.