Ìtẹ́ tí Bàbá Mi Kàn fún Ọ̀gá Singh

Òórùn pákó ọgànwó ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi parí ìtẹ́ náà. Káfíńtà ni, iwájú ilé wa l'Ore ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọ̀gá Singh, ará Íńdíà tó ń bójú tó ilé ìlagi kan nítòsí wa, ló gbé iṣẹ́ fún un. Ẹlẹ́sìn Síìkì ni, kì í ṣí láwàní, ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ń sọ Yorùbá. Ó ní kí bàbá mi bá òun kan ìtẹ́ sínú yàrá àdúrà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi ní, "Bàbá Bísí, ẹ ò ní bi í bó ṣe fẹ́ kó rí?"

"Ẹni tó ní kí n kan ìtẹ́, ṣé ó fẹ́ dúró ni?"

Oṣù kan gbáko ló fi ṣe é: ó fẹ̀ bí ibùsùn ọmọdé, ó ní apá méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, orí kìnnìún sì wà lókè. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní, "Ẹ bá mi bẹ kábíyèsí Íńdíà kó sún díẹ̀ fún mi."

Ọ̀gá Singh dé, ó wò ó títí. "Bàbá Bísí, iṣẹ́ yín dára. Àmọ́ ìwé mímọ́ wa ló máa wà lórí ẹ̀. Ìwé yẹn ni gúrù wa, olùkọ́ tó ń darí wa. Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń jókòó sí, èmi náà." Pèpéle pẹrẹsẹ ló fẹ́.

 Nígbà tó yá, bàbá mi mú ayùn, ó gé apá méjèèjì, ó gé ẹ̀yìn. Mo fọwọ́ di etí, mo ń sunkún. Ó ní, "Dákẹ́, Bísí. Kò sẹ́ni tó kú." Ṣùgbọ́n kò jẹun ọ̀sán.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí mo rí nípa ìtẹ́ Síìkì tí n kò kà. Takht ni wọ́n ń pè é. Ilé ẹ̀sìn márùn-ún tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló ń pàṣẹ fún ẹ̀sìn wọn. Akal Takht tó wà ní Amritsar ní Íńdíà, tí gúrù kẹfà dá sílẹ̀ nígbà tí gúrù wọn ṣì jẹ́ ènìyàn, ló ga jù. Ìtẹ́ Ẹni Ayérayé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n dájọ́ pàṣán fún ọba kan níbẹ̀ rí, ọba náà sì tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí l'Odigbo báyìí. Tíṣà tó jà, òbí tó ń bínú, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń bọ̀. Bí mo bá sì ṣe dá ẹjọ́ wọn ni wọ́n máa fi bú mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ tí mo jẹ́ lójọ́sí, tó ń sunkún nídìí ayùn, rò pé ẹ̀tẹ́ ni kí ọ̀gá jókòó sílẹ̀. Lónìí, bí wọ́n bá tún kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, ó máa ń wù mí kí n lè tọ́ka sí ìwé kan pé òun ni ọ̀gá, kí n wá àyè lórí ẹní láàárín àwọn tó kù.